Ẹ Wá Alábòójútó Kí Ẹ Tó Wá Ilé

Alága, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pátá, ẹ kú ìjókòó o. Mo gbọ́ pé láti àárọ̀ lẹ ti wà lórí ìṣirò owó ọdún, nítorí náà n ò ní fi ìkíni dá yín dúró.

Akọ̀wé yín sọ fún mi pé nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó wà níwájú wọn báyìí, ọ̀rọ̀ ilé ló pọ̀ jù. Ẹnì kan fẹ́ kọ́ fúláàtì, ẹnì kan fẹ́ ra ilé àtijọ́ kó tún un ṣe, ẹnì kan fẹ́ kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Gbogbo yín lẹ fẹ́ máa gba owó ilé. Ó dáa. Wọ́n ní kí n sọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí n sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa àwọn tó ń báni bójú tó ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yí i padà. Iṣẹ́ alábòójútó ilé ni mo fi ń jẹun, àwọn onílé tí mo sì mọ̀ tí wọ́n ń sùn dáadáa lóru, ẹni tó máa bójú tó ilé ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó ilẹ̀. Àwọn tó kù, ìgbà tí ìjà bá dé ni wọ́n máa ń wá wa wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní ilẹ̀ àti ilé fúláàtì mẹ́rin jẹ yín ní mílíọ̀nù 80 náírà ní Ìkòròdú, tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú mílíọ̀nù kan wá lọ́dún. Mílíọ̀nù mẹ́rin nìyẹn, ìyẹn 5 nínú 100 owó tí ẹ ná. Ẹ yọ 400,000 fún alábòójútó. Ẹ yọ 400,000 mìíràn fún pánù tó ń jò, sọ́kàwéè tó kún, ọ̀dà, àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bí fúláàtì kan bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, 250,000 tún ti lọ. Land Use Charge, owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń gbà lọ́dọọdún, ń dúró dè yín. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Bí owó ilé kò bá yí padà, ó máa lé ní ọdún 27 kí ilé náà tó dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀yáwó tiyín ńkọ́? Ọdún mélòó lẹ fi ń san án? Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa sọ ọ́ ṣàkó: kí ẹnikẹ́ni má yá owó ẹgbẹ́ kọ́ ilé pẹ̀lú èrò pé owó ilé náà ló máa san ẹ̀yáwó náà. Kò lè san án. Owó oṣù yín tàbí ọjà yín ló máa san án, ilé á sì máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Lọ́dún 2024, ìwé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, treasury bills ọlọ́dún kan, san ju 20 nínú 100 lọ láwọn àsìkò kan, láìsí ayálégbé, láìsí sọ́kàwéè. Kí ló dé tí èèyàn ṣì ń kọ́lé? Nítorí pé ilẹ̀ ń gbówó lórí nígbà tí náírà ń rẹlẹ̀, owó ilé náà sì ń bá owó ọjà gun òkè, bí kò tilẹ̀ yá bíi tirẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 mọ ohun tí mò ń wí. Òwò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ẹni tó bá nílò owó náà láàárín ọdún mẹ́ta, kó gbé e síbòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dandan kí èèyàn fi fúláàtì mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Bí èmi bá ní ilé ara mi tí àyè wà lẹ́yìn rẹ̀, yàrá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀ ni mo máa kọ́ síbẹ̀. N kò ra ilẹ̀, n kò san owó ọmọ onílẹ̀, mo sì máa fi ojú ara mi rí bí ayálégbé ṣe ń gbé. Ẹlòmíràn á ra ilé face-me-I-face-you àtijọ́ ní Múṣin tàbí Agége, á fọ́ ògiri, á so yàrá méjì méjì pọ̀, á fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ ń yára wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹnjiníà kọ́kọ́ wo ìpìlẹ̀ àti dẹ́kìn-ín o, torí ògiri mìíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbé òrùlé ró.

Nípa ìwé ilẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ tó. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì mọ̀lẹ́bí nìkan kò tó. Ohun tí ẹ nílò ni C of O, ìwé àṣẹ tí gómìnà fi fún èèyàn ní ilẹ̀, tàbí Governor's Consent, ìyẹn ìfọwọ́sí gómìnà, bí ẹ bá ra lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in. Ẹ gbé survey, àwòrán tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Lọ́yà yín á sọ ìyókù.

Ibi tí alábòójútó ti wúlò kí ilé tó wà nìyí. Ẹnì kan gbé pẹ́léènì wá fún wa, ilé tó fẹ́ kọ́ sí ẹ̀yìn yunifásítì LASU ní Ọ̀jọ́. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, pálọ̀ fẹ̀ bí ọjà, báńkónì iwájú, báńkónì ẹ̀yìn. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ibẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá pálọ̀. Yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ló ń wá, omi tó ń yọ, àti géètì tó ń tì. A ní kí ó lọ tún pẹ́léènì náà yà. Inú bí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún un yà. Ẹni tó ń gba owó ilé ládùúgbò kan mọ̀ pé fúláàtì oníyàrá méjì ń ṣófo lójú pópó yìí, pé ti oníyàrá kan kì í ṣófo pé ọ̀sẹ̀ kan ní pópó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ibi tí àgbàrá ń gbà nínú oṣù kẹfà. Ó máa sọ fún yín pé kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, torí láti oṣù kẹrin 2024 tí owó iná Band A, ti àwọn tí iná yẹ kó máa dé ọ̀dọ̀ wọn fún wákàtí 20 lójúmọ́, ti fò kọjá 200 náírà lórí kìlówáàtì kan fún wákàtí kan, ìjà iná ló ń lé ayálégbé rere jáde jù. Ẹni tó ní fáànù kan kò ní gbà láti bá ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù pín owó ní ọgbọọgba, ẹ ò sì lè bá a wí.

Ó yá, ta ni alábòójútó? Èèyàn mẹ́ta la máa ń kó pọ̀ pè ní orúkọ kan.

Kíátékà ni ti àkọ́kọ́. Inú ilé ló ń gbé, a sábà máa ń fún un ní yàrá ọ̀fẹ́. Ó ń ṣí géètì, ó ń tan ẹ̀rọ omi, ó mọ ẹni tó kó àlejò wọlé lóru. Ó wúlò gan-an. Ẹnì kejì ni éjẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá ayálégbé, ọwọ́ ayálégbé tuntun ló sì ti ń gba owó: 10 nínú 100 fún kọmíṣọ̀n, ó tún lè tó bẹ́ẹ̀ fún àgírímẹ́ǹtì, láìka kọ́ṣọ̀n fíì, owó ìdúró fún ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́. Ẹnì kẹta ni alábòójútó gan-an, tí ó sábà máa ń jẹ́ estate surveyor, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìdíyelé àti àbójútó ilé àti ilẹ̀, tàbí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gba owó ilé, ó ń san owó àtúnṣe, ó ń kọ ìwé, ó ń lọ sí kóòtù pẹ̀lú lọ́yà, ó sì ń mú ìdá kan nínú owó tó gbà. 10 nínú 100 ló wọ́pọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba owó, ẹ óò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe. Éjẹ́ǹtì kì í jèrè lára ayálégbé tó pẹ́ nílé. Bí ayálégbé bá fi ọdún mẹ́fà jókòó pẹ̀sẹ̀, ebi ń pa éjẹ́ǹtì. Nítorí náà bí ẹ bá fi éjẹ́ǹtì ṣe alábòójútó, tó bá wá sọ fún yín pé ayálégbé yín kò da, kí ẹ lé e, ẹ rọra o. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kọmíṣọ̀n ló ń wá. Alábòójútó tó ń mú ìdá nínú owó tó wọlé, yàrá tó ṣófo ń pa òun náà lára. Ti kíátékà ló le jù, torí bí ẹ bá fún un ní owó ilé láti gbà, kò sí ìdá kankan tó ń mú lórí rẹ̀. Ẹ wá rò ó fúnra yín.

Mo gba ilé kan ní Agége bẹ́ẹ̀. London ni onílé wà, kò wálé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kíátékà ló ń gba owó ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí mo dé, mo ní kí wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀. Kíátékà wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde, ó gbé ìwé Higher Education kan wá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí epo pupa ti ta sí i. Bírò búlúù ni orúkọ, bírò pupa ni owó. Ojú ewé kan, yàrá 7: orúkọ ọkùnrin kan, wọ́n fi bírò fa ìlà lé e lórí, orúkọ obìnrin kan lábẹ́ rẹ̀, ìlà lórí rẹ̀ náà, orúkọ kẹta, èyí kò ní ìlà. Ọdún kan náà ni gbogbo wọn. Mo ní, “Bàbá, ta ló wà nínú yàrá 7 báyìí?” Ó ní, “Ó ṣófo, sà.” Aṣọ wà lórí okùn níwájú yàrá náà, ó ṣì ń kán omi. Àwọn ayálégbé ló wá ń mú rìsíìtì jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí iye tó wà nínú rìsíìtì ju iye tó dé London lọ. Ohun tó ya onílé lẹ́nu jù kì í ṣe owó. Ó ní kíátékà yìí kì í pa ìpè òun jẹ, gbogbo ọdún tuntun ló ń pè láti kí òun.

Àwọn kan máa ní olè ni kíátékà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó, òun náà ló kọ ìwé, òun náà ló wá ayálégbé, òun náà ló sọ iye àtúnṣe. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Kíátékà kì í gba owó, géètì àti omi ni tirẹ̀. Ayálégbé á san owó sínú àkáǹtì, kì í ṣe sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe tó bá kọjá iye kan, ká ní 50,000, alábòójútó gbọ́dọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó ṣe é, kó sì tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ṣe é tán.

Bí ẹ bá fẹ́ mú alábòójútó, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1975 dá sílẹ̀ fún àwọn estate surveyor. Ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó kan wà tó ń jẹ́ LASRERA, òun ló ń forúkọ àwọn éjẹ́ǹtì àti olùtajà ilé sílẹ̀. Ẹ béèrè ìyẹn náà. Ẹ béèrè bóyá ó ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó oníbàárà, torí ẹni tó bá kó owó ilé yín pọ̀ mọ́ owó jẹ́nẹ́rétọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣe ohun kan tí onílé kì í ṣe: ẹ má béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé tó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sí ilé kan tó ń bójú tó, ẹ kan ilẹ̀kùn ayálégbé. Ẹ ní, “Nígbà tí omi yín dáwọ́ dúró gbẹ̀yìn, ọjọ́ mélòó ló gbà kí pọ́ḿbà tó dé?” Ẹ fetí sí ìdáhùn. Onílé kò mọ nǹkan kan nípa pọ́ḿbà, owó ló mọ̀. Ayálégbé ló mọ alábòójútó.

Kí èmi má baà jọ ẹni tó ń polówó ara rẹ̀, mo fẹ́ sọ fún yín pé àwọn alábòójútó kan tó ní ìwé ẹ̀rí pàápàá ń ṣe àṣejù. Àwọn kan ń gbé ilé fún ayálégbé láìwò ó, kí kọmíṣọ̀n lè wọlé. Àwọn kan á gba owó ilé, wọn á sì gbé e sọ́wọ́ fún oṣù méjì kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Lọ́dún 2025, àbá òfin tuntun dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó tó fẹ́ kí owó éjẹ́ǹtì má kọjá 5 nínú 100 owó ilé ọdún kan, kí éjẹ́ǹtì sì gbé owó onílé fún un láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan bínú. Èmi ò bínú sí ọjọ́ méje yẹn rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín, yálà òfin mú un tàbí kò mú un.

Òfin tó wà nílẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Òfin Ayálégbé Èkó ti 2011. Kò kan Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, ṣùgbọ́n ó kan ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ kọ́lé sí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti wà nílé tó ń san lóṣooṣù, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà ju oṣù mẹ́fà. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀, gbogbo wa la ti san owó ọdún méjì rí. Kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ní rìsíìtì. Bí ẹ bá ń gba service charge, owó iṣẹ́ tí gbogbo ilé jọ ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé bí ẹ ṣe ná an, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ rìsíìtì yìí tún máa le sí i, torí láti oṣù kìíní 2026, òfin owó orí tuntun jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yọ 20 nínú 100 owó ilé tó san, kó má ṣáà kọjá 500,000 náírà, kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Ayálégbé yín máa fẹ́ rìsíìtì tó pé. Ẹ má ṣe kọ ìdajì síbẹ̀ fún un.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan kó jáde, bí àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje tó sọ pé ẹ fẹ́ lọ gba ilé yín ní kóòtù, lẹ́yìn náà ni kóòtù. Ẹ má ṣí pánù lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ má yọ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde lè san ìtanràn 250,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ayálégbé tó jẹ yín ní gbèsè á sì wá di olùpẹ̀jọ́. Ìdí tí mo fi máa ń gba àwọn onílé níyànjú láti kọ iye oṣù ìkìlọ̀ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta dáa fún tọ̀túntòsì.

Kí n tó gba ìbéèrè: àwọn onílé kan máa ń sọ fún wa pé kí a má fi ilé fún obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tàbí pé kí a má mú ẹ̀yà báyìí báyìí. N kì í kọ irú ìyẹn sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé mi, àwọn obìnrin tó ń dá gbé wà lára àwọn tí n kì í ní láti pè kí n tó rí owó wọn.

Ẹ̀gbọ́n kan béèrè pé àbúrò òun ló ń bá òun gba owó ilé ní Ṣágámù, ṣé kí òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá ń ṣe é dáadáa, ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ máa san 10 nínú 100 fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ayálégbé sì máa san owó sínú àkáǹtì yín. Ẹni tí a kò san owó fún máa ń san owó ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, pàápàá bí ọmọ rẹ̀ bá ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ìbéèrè ìyá wa tó wà lẹ́yìn ló le jù. Wọ́n ní bàbá àwọn fi ilé ayálégbé sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mẹ́tàlá. Àgbà ọkùnrin ló ń gba owó, kò sì sẹ́ni tó mọ iye rẹ̀. Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà. Dáwódù, àkọ́bí ọmọkùnrin, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bójú tó ilé ẹbí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jíhìn. Ní ti pínpín, ìdí-igi ni àṣà wa. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní London ní 1962, ìdí-igi náà ni wọ́n fọwọ́ sí: ìdá kan fún ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tilẹ̀ pọ̀ lójúlé kan ju òmíràn lọ. Orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìdá tó dọ́gba, wà fún ìgbà tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ tí olórí ẹbí bá rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ má fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún bọ̀ọ̀dá pé ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ ìyọnu kúrò lọ́rùn wọn. Ẹ mú alábòójútó láti ìta tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojúlé kankan, kí lọ́yà kọ àdéhùn náà, kí alábòójútó pín owó náà sí àkáǹtì mẹ́ta tààrà, kó sì fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlé lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹnì kan láti ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí bọ̀ọ̀dá náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí. Bí ojúlé kan bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, èmi kì í gba kọ́kọ́rọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀.